Etí Ló Kọ́kọ́ Ń Jẹ Iyán

Ní Ìkẹ́rẹ́, etí ló kọ́kọ́ ń jẹ iyán kí ẹnu tó jẹ ẹ́. Bí oòrùn bá ti ń lọ sẹ́yìn Olósùnta, àpáta ńlá tó ń wo gbogbo wa láti òkè, odó á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti agboolé dé agboolé. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lè sọ fún ọ láìdìde pé àwọn ará òdìkejì ti gún tiwọn tán, pé ti ìyàwó tíṣà ṣì ní kókó, pé ilé lágbájá kò tíì dáná, ṣé kò sí nǹkan ṣá? Odó ni ìròyìn ìrọ̀lẹ́ wa. Rédíò wà o, ṣùgbọ́n rédíò kì í sọ ẹni tó máa sùn lébi ládùúgbò. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, tí mò ń gbé ilé alájà ní Ìbàdàn, ìyẹ̀fun ni mò ń rò lórí gáàsì tí mò ń pè ní iyán, kò sì sí aládùúgbò kan tó mọ̀ bóyá mo jẹun tàbí mi ò jẹun. Àwọn ọmọ mi ní ó dára bẹ́ẹ̀, àṣírí bò. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ọdún kan wà, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí gbogbo ilé wa ń sá káàkiri kí àṣírí lè bò, odó la sì rò pé a máa fi bò ó.

Ilé wa kò tóbi. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni yàrá iwájú, òun náà ló sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú ilé. Ìyá mi, ọmọ Ìsẹ̀, aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á máa kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, Yèyé á sì máa kùn lé e lórí pé àwọn ará Ìsẹ̀ kì í mọ ìsinmi. Èmi Ọmọ́lará ni àkọ́bí, àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjì wà lẹ́yìn mi, iṣẹ́ tiwọn kò ju kí wọ́n máa jẹun lọ. Bàbá mi wà ní Èkó, ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà Kérésìmesì àti Àjíǹde la máa ń rí i. Á dé pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn tí òórùn rẹ̀ á ti gba gbogbo ilé kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí ojú wa tó mọ́ ọn dáadáa, ó ti tún lọ. Kérésìmesì tó ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí ni Yèyé dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lákòókò ìdúpẹ́, ó ní ọmọ òun ti di fọ́máànù. Ó dá orin, ó jó dé iwájú pẹpẹ, ó tún jó padà sẹ́yìn, ó tún yí padà nítorí ó ní orin náà kò tíì tán. Gbogbo ìjọ ló bá a jó, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì mọ ohun tí fọ́máànù ń ṣe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ lásán kan ni, ọjọ́ tí kì í ṣe ti ọdún kankan, mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ni takisí dúró lẹ́nu ọ̀nà tí bàbá mi sì sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé báàgì kan kọ́ èjìká, ó gbá àpótí dúdú kékeré kan mọ́ àyà. Kò sí búrẹ́dì. Yèyé wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá búrẹ́dì náà ṣì ń bọ̀, ó tún yọjú wo inú takisí. Màmá Díkínì, aládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ díkínì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ń fa omi nínú kànga wa lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn.

"Bàbá Lará, ẹ káàbọ̀ o," ó ní. "Ṣé kò sí o?"

Kí bàbá mi tó la ẹnu, Yèyé ti dá a lóhùn. "Líìfù ni. Wọ́n ní kí ọmọ mi wá sinmi ní ulé. Uṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màmá Díkínì wí. "Ara ń fẹ́ ìsinmi." Ó sì ń fa omi náà lọ díẹ̀díẹ̀, débi pé èèyàn á rò pé láti Oǹdó ni ó ti ń fà á bọ̀.

Inú yàrá ni bàbá mi ti sọ òtítọ́, nígbà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn tí mo sì ti fi etí mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ ti dá àwọn èèyàn dúró, àti fọ́máànù àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Òwú ò wọlé mọ́, àwọn ẹ̀rọ ti dákẹ́. "Màmá," ó ní, "bí ìlú bá gbọ́, mi ò lè dúró. Màá padà sí Èkó, bó jẹ́ ẹrù ni màá máa rù níbẹ̀. Mi ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti jó yẹn kí gbogbo wọn máa wò mí." Ìyá mi béèrè pé kí ló burú nínú kí wọ́n wo èèyàn. Yèyé ní kí ó gbẹ́nu dákẹ́, pé ìlú ò ní gbọ́, òun lòun bí líìfù náà, òun lòun máa tọ́ ọ dàgbà. Ó yẹ kí n bá wọn banú jẹ́ níbi tí mo wà, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ni. Bàbá mi wà nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́jọ́ ilé ìwé, tí kò sí ọdún! Ohun kan ṣoṣo tí mo rí dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni pé bí àṣírí bá bò, bàbá mi ò ní lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ líìfù tọkàntọkàn. Tíṣà mi béèrè ibi tí bàbá mi wà, mo ní ó ń sinmi. Ó tún béèrè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní kò tíì sinmi tán.

Iṣu ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́ fún wa. Àsìkò náà ni iṣu tuntun ṣì wà lábẹ́ ebè, tí ti èṣí sì ti tán lọ́gbà. Lọ́dún mìíràn, bàbá mi á fi nǹkan ránṣẹ́ láti Èkó kí a lè ra iṣu jẹ di ìgbà tí tuntun bá jáde. Lọ́dún yìí, ara rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èbà ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Èbà kò burú, mo fẹ́ràn èbà, ṣùgbọ́n èbà kì í dún. Ní àdúgbò wa nígbà náà, ẹni tó jẹ èbà lọ́sàn-án, ó ń kánjú ni. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́ léraléra, nǹkan ń ṣe é. Kò pẹ́ tí Màmá Díkínì fi yọrí lókè ọgbà. "Yèyé, a ò gbúròó odó yín mọ́. Ṣé ọmọ odó ló ṣẹ́?" Yèyé ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣẹ́, ó ti wà lọ́dọ̀ Bàbá Káfíńtà fún àtúnṣe. Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó rí i pé Bàbá Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn Màmá Díkínì, pẹ̀lú ìwé orin lábẹ́ apá, wọ́n jọ ń lọ síbi ìdánrawò àwọn akọrin ni. Ilé bàbá yìí kọjú sí tiwa, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lágbàlá wa tí kò mọ̀. Ó wo Yèyé, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Uṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi ni, Yèyé. Màá parí rẹ̀." Ọkùnrin gidi ni, Ọlọ́run jẹ́ kí ó sinmi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Yèyé pàṣẹ pé kí a gbé odó síta.

"Kí la fẹ́ gún, Màmá?" Ìyá mi béèrè.

"Ẹ gún un."

"Kí ni ká gún?"

"Odó ni mo ní kí ẹ gún. Ṣé mo dárúkọ uṣu?"

Bí èmi àti ìyá mi ṣe kojú síra wa pẹ̀lú ọmọ odó kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí a ń gún afẹ́fẹ́. Ẹ̀rín ń pa ìyá mi débi pé ọmọ odó rẹ̀ fẹ́ bọ́, ṣùgbọ́n Yèyé kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó jókòó tì wá lórí àpótí, ó ń darí wa. "Ó ṣì ní kókó lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Lará, yí ọwọ́ rẹ." Ó bu omi sínú odó òfìfo náà, ó ní ó ti ń le jù. Ó ní kí àwọn àbúrò mi máa kan abọ́ mọ́ra kí ó lè dà bíi pé a ń bù ú. Nígbà tí ó rò pé ó tó, ó gbé ohùn sókè kí ọgbà lè gbọ́ ọ: "Uyán yèé mà kúnná o!" Àbúrò mi tó kéré jù sáré wá wo inú odó. Nígbà tí ó rí omi díẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ní a ti jẹ tòun.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí Yèyé gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló fi kọ́ wa. Iyán tí etí bá ti gbọ́, ẹsẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò ní í tọrọ. A ò tíì gbé odó wọlé tí Bàbá Káfíńtà fi dé. "Ẹsẹ̀ mi re," ni ó wí, ó sì jókòó. Ó ní kí n bu omi wá, mo bu omi wá, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ń dúró. Gbogbo wa ń wo ọwọ́ tútù yẹn. Yèyé ń wo ìyá mi, ìyá mi ń wo ilẹ̀, mo sì ń wo bàbá mi, nítorí mo rò pé báàgì ló máa lọ gbé. Ó wọ yàrá lóòótọ́. Nígbà tí ó máa jáde, àpótí dúdú náà ló gbé lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó yọ fèrè kan tó ń dán, fèrè idẹ tó kọ́ nínú ìjọ tó ń lọ ní Èkó. Láti ìgbà tí ó ti dé, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan dá yín lára yá ná."

Ohùn tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe orin. Ewúrẹ́ Màmá Díkínì já okùn. Àwọn adìẹ tó ti wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Ohùn náà lọ kan Olósùnta, àpáta ńlá náà sì dá a padà sí wa bíi pé òun náà kò fẹ́ ẹ. Bàbá mi nu ẹnu fèrè, ó tún gbé e, ó wá bẹ̀rẹ̀ orin ìdúpẹ́ kan tí gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fà á, ó ń fi í pamọ́ síbì kan, ó ń mú un jáde níbòmíràn. Ẹsẹ̀ ìyá mi kò lè dúró jẹ́ẹ́. Ó mú ọmọ odó, ó padà sídìí odó, ó ń gún un tẹ̀ lé e, mo sì mú tèmi. Bàbá Káfíńtà ń fi ọwọ́ tútù náà pàtẹ́wọ́, omi ń ta sí wa lára, títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí orin tán, ó dìde, ó fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀, ó ní, "Mo yó o. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ó sì lọ sílé rẹ̀. Ọmọdé ni mí, mo gbà á gbọ́. Mo lo gbogbo òru láti máa rò ó bí orin ṣe ń gba etí dé inú ikùn.

Lọ́jọ́ kejì ó tún wá, ó mú Màmá Díkínì dání. Màmá Díkínì mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ obìnrin dání, ó ní ó kàn bọ́ sí òun lọ́wọ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí odó wa bá ti dún, àgbàlá á kún. Àwọn àgbà á gbé àpótí tiwọn wá láti ilé, àwọn ọmọ á gun orí ọgbà. Kò sẹ́ni tó béèrè oúnjẹ, kò sì sẹ́ni tí kò fọ ọwọ́. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ orin, wọ́n á ní àwọn yó. Mo ti jókòó ní gbọ̀ngàn ńlá láti ìgbà náà, níbi tí wọ́n ti ń fi èéfín àti iná aláràbarà bo olórin mọ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ ń pariwo dípò rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí mo ti tún rí itọ́ ẹni tó ń fọn fèrè, tí mo rí iṣan ọrùn rẹ̀, tí mo sì mọ̀ pé bí mo bá gbé ọmọ odó mi sí ibi tí kò yẹ, ó máa ṣẹ́jú sí mi. Odó òfìfo fẹ́ràn orin. Kò sí iṣu tó ń di ọmọ odó mú, ìyá mi lè máa fi kan etí odó, kó tún fi kan ìsàlẹ̀, kó dá a dúró lókè kí gbogbo èèyàn máa retí. Bàbá mi, tó dé láti Èkó pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárọ̀ láìnídìí. Mo ti ń mọ ẹ̀rín náà dáadáa, pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti èjìká.

Líìfù ní tirẹ̀ ń dàgbà. Bàbá Káfíńtà béèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé líìfù yìí ń bímọ ni. Yèyé ní ilé iṣẹ́ ń kọ́ ọ́fíìsì tuntun fún ọmọ òun ni, wọn ò sì fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ kí eruku má baà kó sí i lójú. "Pákó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe tábìlì rẹ̀ ni éè tíì dé. Orí omi ni ó wà." Bàbá Káfíńtà fi ìrònú mi orí. "Irú pákó wo ni, Yèyé?" Yèyé ní irú èyí tí éè sí ní ùlú wa. Bàbá Káfíńtà ní òun náà rò bẹ́ẹ̀.

Ẹnu Yèyé yìí náà ló wá kó bá wa. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀, ó ní ilé kan wà tí wọ́n ń gún iyán lójoojúmọ́ tí ẹnìkan kò rí òkèlè jẹ níbẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí wọ́n bá pe Yèyé ní arúgbó, ó lè gbà. Bí wọ́n bá pè é ní ahun, kò gbà. Ó dìde láàárín gbogbo wọn. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ wá. Gbogbo in. Uyán á wà ní ulé mi tí ẹ éè ní jẹ tán." Nígbà tí ó délé ni ó tó rí ohun tó sọ. Ó jókòó, ó tú gèlè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gèlè náà fẹ́ ara rẹ̀.

Kò sí iṣu. Ìyá mi rántí pé a lè fi gàrí ṣe é kí a máa pè é ní iyán, Yèyé ní bí ará Ìsẹ̀ bá lè jẹ irú ẹ̀, ará Ìkẹ́rẹ́ ní ojú. Bàbá mi kò bínú, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ó kàn ń ká aṣọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú báàgì. Ó ní òun á mú mọ́tò àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí òun má baà sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá débi odó òfìfo. Mo tẹ̀ lé e káàkiri ilé. Mo béèrè bóyá líìfù rẹ̀ ti tán. Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, "Ó ti tán, Lará."

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó wẹ̀, ó múra, ó gbé báàgì, ó wá bàtà rẹ̀ tì. Ó wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lọ wo inú kànga. Bàtà kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Yèyé jókòó sórí àpótí rẹ̀ lágbàlá, ó tẹ́ ìró rẹ̀ ká gbogbo ara, ó ń bá a wá a láti ibi tó jókòó sí. "Wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ṣé éè sí níbẹ̀? Wo orí àjà." Kò dìde láti jẹun. Kò dìde láti kí àlejò. Èmi nìkan ni mo rí i tí ìdí bàtà dúdú kan yọ lábẹ́ ìró náà nígbà tí ó sún díẹ̀. Ó rí i pé mo rí i. Ó ti ìdí bàtà náà padà sábẹ́, ó sì sàba lé e. Mo lọ bá bàbá mi wá bàtà náà lórí igi máńgòrò.

Bí ó ṣe di ìrọ̀lẹ́ tí bàbá mi ṣì wà láàárín wa nìyẹn, láìwọ bàtà, tí ìlú sì ń wọlé. Wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó fọ ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Kálukú fi ọwọ́ kan sábẹ́ aṣọ. Ìyá mi dúró ti odó, kò mọ̀ bóyá kí òun gún tàbí kí òun sá. Bàbá Káfíńtà dìde, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Yèyé, Bàbá Lará, Ìyá Lará," ó ní, "orin yín dùn. A ti jẹ ẹ́, a ti yó. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣe odó in. Ohùn rẹ̀ éè dára."

Yèyé ní kí ló ṣe ohùn rẹ̀.

"Uyán ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀," Bàbá Káfíńtà wí. "Nígbà tí uṣu ṣì dúró, odó á ní kì, kì. Bó bá fọ́, á ní gbì, gbì. Bó bá ń kúnná, ohùn á wálẹ̀, á máa fà. Tiyín, kó, kó, kó ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Uṣu wo ni éè yí ohùn padà? Yèyé, ọmọ Èkìtì wo ni éè mọ ohùn odó òfìfo? Ọjọ́ àkọ́kọ́ la ti mọ̀." Ó sì yọ ọwọ́ lábẹ́ agbádá. Iṣu ni. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú odó. Màmá Díkínì gbé tirẹ̀ lé e, ẹni tó tẹ̀ lé e gbé tirẹ̀, àwọn ọmọ orí ọgbà ń na iṣu sísàlẹ̀. Ẹni tí kò ní odindi mú ààbọ̀ wá.

Bàbá mi dúró láàárín wọn pẹ̀lú fèrè, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti mọ̀ pé wọ́n dá mi dúró."

"Ta ni ò mọ̀?" Màmá Díkínì dá a lóhùn. "Ìgbà wo ni wọ́n ń fún èèyàn ní líìfù tí kì í mú búrẹ́dì bọ̀? Ọmọ tèmi náà wà ní líìfù yẹn." Gbogbo èèyàn yí padà wò ó. Ìyẹn kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. "Ìlú Àgbàdo ló ti ń lo líìfù tirẹ̀, nílé àna rẹ̀. Èmi ni mo ní kí ó dúró síbẹ̀ kí ẹ má baà rí i. Mo ti ránṣẹ́ sí i kí ó máa bọ̀ wálé. Ó mọ jìtá ta."

Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí Yèyé kò ti lè dákẹ́ mọ́. Ojú ń tì í, inú ń bí i, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó fò dìde. "Ta ló ní a éè ní uṣu ní ulé yèé?" Gbà, bàtà kan já bọ́ lábẹ́ ìró rẹ̀. Gbà, èkejì tẹ̀ lé e. Bàbá Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n dáadáa. Ó ní, "Yèyé ti pa méjì."

Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ náà. Màmá Díkínì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi di odó mú. Ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín, bàbá mi ni mò ń wò, nítorí bàtà ti dé, báàgì sì wà lẹ́nu ọ̀nà, mọ́tò ìrọ̀lẹ́ kò tíì lọ. Ó rìn lọ síbi tí bàtà náà wà, ó gbé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku rẹ̀. Ó wo àwọn iṣu. Mo rí i tí ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀. Ó na bàtà náà sí mi. "Lará, gbé e wọlé. Tì í wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa." Mo sáré débi pé mo fi orí gbá ilẹ̀kùn.

A se iṣu, a sì gún un. Gbogbo wọn dákẹ́ láti gbọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ nígbà àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣe gẹ́gẹ́ bí Bàbá Káfíńtà ti wí. Ó ní kì, ó ní gbì, ohùn rẹ̀ wá wálẹ̀, ó ń fà. Etí mi yó kí ẹnu mi tó débẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn àwo ń kọjá lórí wa, ọbẹ̀ ń kán sí wa lára, àbúrò mi kékeré ń jẹ gbogbo èyí tí ó rò pé a ti jẹ nínú tòun láti ọjọ́ yìí wá. Bàbá Káfíńtà gbé ojú sókè láti inú àwo rẹ̀.

"Bàbá Lará, fèrè wa dà?"

Bàbá mi fẹ́ dáhùn, ẹnu rẹ̀ kún. Yèyé gé òkèlè tirẹ̀, ó yí i nínú ọbẹ̀, kò tiẹ̀ gbé orí sókè.

"Ó wà ní líìfù," ó ní.